Ẹ Nu Ọpọ́n Kí Ẹ Tó Tẹ Odù: Ọ̀rọ̀ lórí Àdàkọ Ìkànnì Ayélujára

Ìbà Olódùmarè, ọba tí ó ni ọjọ́ òní. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà àwọn olúwo tí wọ́n kọ́ wa ní Ifá, tí wọ́n ti lọ bá àwọn babańlá wọn. Ìbà àwọn ìyá wa. Kí ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú àwùjọ yìí má ṣe já sí òfo.

 

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí a wá ṣàlàyé ohun tí ojú wa rí lórí ìkànnì ayélujára tí ẹgbẹ́ dá sílẹ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ olúwo ni a ti kọ́ Ifá. A gbálẹ̀ ilé olúwo, a gbé àpò rẹ̀, a já ewé, a sì kọ́ orúkọ odù fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà wá láyè láti dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Òpópónà Táíwò ní ìlú Ìlọrin bá ẹ̀kọ́ ilé olúwo mu régí. Òun ni a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, kí ẹlòmíràn má baà tún ṣi ẹsẹ̀ gbé níbi tí a ti ṣì í gbé.

Ìdí tí a fi fẹ́ ní ìkànnì

Ẹ ó rántí ọdún 2023. Ní ọdún náà, ọ̀rọ̀ ọdún Ìṣẹ̀ṣe dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ ní Ìlọrin, ó sì le débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ẹ́míà Ìlọrin lórí rẹ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó kéde ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kẹjọ. Ọ̀rọ̀ wa wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ọmọdé àti àgbà ń wá ìtumọ̀ Ifá lórí fóònù wọn. Ohun tí wọ́n ń rí kà ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa wa. Àwa tí a ni ín kò ní ojúlé kan tí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ tẹnu wa lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àjọ UNESCO ti kéde Ifá láti ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní ọdún 2008. Ohun tí gbogbo ayé ti gbà pé ó níyì, kò yẹ kí àwọn tí ó ń ṣe é máa fi ẹnu àgbàsọ sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi dá owó jọ. A fẹ́ ibi tí a ó ti máa sọ ẹni tí a jẹ́, tí a ó ti máa kéde ọjọ́ ọdún, tí ọmọ wa tí ó wà lókè òkun yóò sì ti lè rí wa bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí àdàkọ jẹ́

Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ Táíwò dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Òpópónà Ibrahim Taiwo, ní ìrántí gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Kwara tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ oṣù kejì ọdún 1976. Ọ̀nà ọjà ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ ìwé ìpè, bí fóònù rẹ̀ bá bàjẹ́, bí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. Níbẹ̀ ni a ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tiwa ni ó pọ̀ jù.

A bi í pé oṣù mélòó ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Template ni a máa lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti jáde nìyẹn.” Inú wa dùn. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí template jẹ́ nínú wa.

Àdàkọ ni a lè pè é ní Yorùbá. Ẹni kan ní ilẹ̀ òkèèrè ti ya ilé, ó ti mọ ògiri rẹ̀, ó ti kùn ún ní ọ̀dà, ó sì ti to àga sí i. Ẹni tí ó bá rà á yóò kàn kó o wọ inú ìkànnì tirẹ̀, yóò yí orúkọ ẹnu ọ̀nà padà, ó di onílé. Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń lò fún iṣẹ́ yìí ni WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti gbilẹ̀ débi pé bí a bá kó ìkànnì mẹ́wàá jọ ní ayé, ó kéré tán mẹ́rin nínú wọn ni ó dúró lé e lórí. Àdàkọ tí wọ́n ṣe fún un kò lóǹkà: ti ilé ìwé, ti ilé ìwòsàn, ti alásè, ti oníṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ẹ lè rí i kedere, ẹ wo ọpọ́n Ifá. Agbẹ́gilére ni ó gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ ojú Èṣù sí etí rẹ̀, ó fín ọnà yí i ká, ó sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò sí babaláwo tí a ní dandan kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọpọ́n. A ń rà á, a ń gbé e wálé, a ń bu ìyẹ̀ròsùn sí i, a sì ń tẹ odù tí ó bá jáde fún ẹni tí ó jókòó níwájú wa. Àdàkọ rere ni ọpọ́n.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé lófìfo. Ẹni tí ó ṣe é ti tẹ odù tirẹ̀ sí i, kí àwọn tí ó fẹ́ rà á lè rí bí yóò ti rí bí wọ́n bá ń lò ó. Demo ni àwọn ọmọ Táíwò ń pè é. Nígbà tí a bá kó àdàkọ wọlé, odù àjèjì náà yóò bá a wọlé: ojú ewé, àwòrán, àkọlé, fọ́ọ̀mù, àti ìlànà tí ojú kò rí. Kò sí awo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ka odù tí ó bá lórí ọpọ́n láti àná fún ẹni tí ó wá lónìí. Yóò kọ́kọ́ nu ọpọ́n ni. Àwa kò nu ún.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọjọ́ tí ìkànnì náà jáde, àwa àgbà mẹ́fà kóra jọ yí fóònù kan ká. Àwòrán àkọ́kọ́ tí a rí ni ti ibùsùn funfun kan létí òkun, nítorí àdàkọ ilé ìtura ni ọmọ náà lò. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí a wá gba yàrá. A rẹ́rìn-ín. A tún sún un síwájú, a rí ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wa ní bóyá ọfọ̀ òyìnbó ni. Àṣé èdè Látìn ni, tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ láti inú ìwé tí Cicero ará Róòmù kọ ní nǹkan bí ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn atẹ̀wé ń fi í dí àyè tí ọ̀rọ̀ gidi kò tíì dé. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí ọkùnrin náà ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa, ní ibi tí ó yẹ kí oríkì Ọ̀rúnmìlà wà.

Èyí kò le. Ọmọ náà pa wọ́n rẹ́ ní ọjọ́ kejì. A fún un ní orúkọ ojú odù mẹ́rìndínlógún, ó tẹ̀ wọ́n sí i. Níbẹ̀ ni a ti rí ohun kejì. Àwọn lẹ́tà àdàkọ náà kò mọ àmì tiwa. Ibi tí ó yẹ kí àmì wà, àpótí òfìfo ni ó wà. Nígbà tí ọmọ náà rí i pé kò dára lójú, ó yọ gbogbo àmì kúrò. Ẹ gbọ́ ohun tí ó kù. Ọ̀ṣẹ́ Méjì kò yàtọ̀ mọ́ sí ọṣẹ ìwẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Òdí Méjì di ohun tí ènìyàn lè kà sí odi, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tàbí odì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ yan odì. Ìká Méjì di ìkà lójú ẹni tí kò mọ̀. Àwọn tí ó ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀ kò ní ṣàìrí èyí lò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò pàdé rẹ̀. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, àmì méjì ni kọ̀ǹpútà yóò so pọ̀. Bí ẹni tí ó ya àwọn lẹ́tà àdàkọ kò bá rántí wa, àmì náà yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó di àpótí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Àwọn ẹ̀yà lẹ́tà kan wà tí ó gba Yorùbá dáadáa, irú bíi Noto tí Google gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọmọ náà fi í rọ́pò ti àdàkọ, Ọ̀ṣẹ́ Méjì dúró pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́ kò lè tún un ṣe.

Ohun kẹta ni ó dùn wá jù. Fọ́ọ̀mù kan wà ní ìsàlẹ̀ ìkànnì náà, níbi tí àlejò ti lè kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ohun tí ó ń fẹ́. A fẹ́ràn rẹ̀. A sọ fún àwọn ènìyàn wa lókè òkun pé kí wọ́n máa gba ibẹ̀ kọ̀wé sí wa. Oṣù mẹ́ta kọjá, a kò rí ìwé kan gbà. A rò pé ènìyàn kò tíì mọ̀ wá ni.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan pè wá láti London. Ó kí wa tán, ó ní: “Bàbá, mo ti kọ̀wé sí yín láti ọjọ́ yìí, ẹ ò fèsì. Ṣé ohun tí mo kọ ló burú ni?” A ní: “Ọmọ wa, ìwé wo?” Ó dákẹ́. Àwa náà dákẹ́.

A gbéra lọ sí Táíwò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọmọ náà ṣí inú fọ́ọ̀mù wò, ojú rẹ̀ yí padà. Àdírẹ́sì tí ìwé ń lọ kì í ṣe tiwa. Ti ẹni tí ó ṣe àdàkọ ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ṣe demo, ó sì bá àdàkọ wọlé. Láti oṣù mẹ́ta, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn fi síkàáwọ́ wa ni a ti ń rán lọ sí àpótí àjèjì kan, ní orílẹ̀-èdè tí a kò mọ̀. Fọ́ọ̀mù náà kò sì tọ́jú ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Nítorí náà, títí di òní, a kò mọ iye àwọn tí ó kọ̀wé, a kò mọ orúkọ wọn, a kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ. Obìnrin yẹn nìkan ni ó pè. Àwọn ìyókù, bí wọ́n bá wà, yóò ti gbà pé a gbọ́, a sì kọ̀ láti dáhùn.

A kò ní sọ ohun tí obìnrin náà kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí mọ irú ohun tí ènìyàn ń gbé wá síwájú Ifá. Ohun tí ọkọ kò mọ̀, tí aya kò mọ̀, tí ènìyàn kò lè sọ lójú ìyá tí ó bí i. Nígbà tí ènìyàn bá wá sí ilé wa, a kì í tilẹ̀ ní kí ó sọ ọ́ sókè. Owó tàbí ìbò ni ó ń sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́. Báwo ni àwa tí a ń pe ara wa ní awo ṣe wá la irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ láìwo ibi tí ó já sí?

A yọ fọ́ọ̀mù náà kúrò ní ọjọ́ náà gan-an. A kọ ọ́ sí iwájú ìkànnì pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ̀wé sí wa láàárín oṣù mẹ́ta náà pè wá, kí ó sì foríjì wá. A bẹ obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé Nàìjíríà ṣe òfin kan ní ọdún 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀ ni yóò dáhùn fún un, àti pé bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè ṣe oníbàárà ní ibi, kí onítọ̀hún fi tó àjọ tí ó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. A kò mọ òfin yìí nígbà náà. Àìmọ̀ wa kò sì mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn wa. A ti fi ọ̀rọ̀ náà lé agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Ṣé kí a kọ àdàkọ sílẹ̀?

Nígbà tí a mú ìròyìn yìí dé ìpàdé, àwọn àgbà kan ní kí a pa ìkànnì náà rẹ́ pátápátá. Wọ́n ní ohun àjèjì kò lè gbé ohun awo. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́nà kìíní, Ifá fúnra rẹ̀ kò kórìíra àdàkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968, ti ṣàlàyé pé ẹsẹ Ifá ní apá mẹ́jọ tí ó lè ní. Orúkọ awo tí ó dífá ni ìkíní, ẹni tí a dífá fún ni ìkejì, ìdí tí ó fi wá ni ìkẹta, ohun tí Ifá ní kí ó ṣe ni ìkẹrin, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é ni ìkarùn-ún, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ìkẹfà, ìhà tí ó kọ sí i ni ìkeje, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì ni ìkẹjọ. Ilé tí a ti yà sílẹ̀ nìyẹn. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ awo lè há ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ sórí láìsí ìwé. Síbẹ̀, kò sí ẹsẹ tí ó jọ èkejì, nítorí ohun tí a gbé sínú ilé náà yàtọ̀. Nígbà tí a bá sì ń kì í fún ẹni tí ó wá, òun ni yóò fetí sílẹ̀, tí yóò mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Lọ́nà kejì, lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá lónìí, àyálò ni. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Lẹ́tà Látìn kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò jù ú nù nítorí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gé ahọ́n Yorùbá kí ó lè bá a mu. Wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, wọ́n fi òmíràn sí orí rẹ̀, títí ó fi gba ohùn ẹnu wa. Ní Ìlọrin níhìn-ín, àwọn àáfà náà ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Gbogbo wọn yá ilé, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, kíkó àdàkọ wọlé kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a gbà pé ohun tí ó ti parí lójú ti parí nínú. Ọmọ awo tí ó bá ọ̀nà àbùjá kọ́ Ifá lè mọ bí a ti ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò sì dára lójú ẹni tí ń wò ó. Ọjọ́ tí ìṣòro bá dé ni àṣírí yóò tú.

Ohun tí a ní kí ẹgbẹ́ gbà

A ti bá àwọn ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ yìí jókòó, a sì ti kó ìmọ̀ràn wọn jọ. Ohun méje ni a fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ máa ṣe.

Èkíní, kí a mọ orírun àdàkọ kí a tó gbà á. Àwọn kan wà tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀, tí wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú tàbí tí wọ́n ń fi í ta ọrẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fi iṣẹ́ ibi pamọ́ sínú irú rẹ̀, tí olè yóò fi máa gba ẹ̀yìn wọlé.

Èkejì, kí a má ṣe kó o wọ ìkànnì tí ènìyàn ti ń lò. Kí a kọ́kọ́ kó o sí ibi ìdánwò, kí a sì ti tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo tí a ní tẹ́lẹ̀. Àdàkọ mìíràn a máa yí ìlànà tí ó bá nílé padà láìbéèrè.

Ẹ̀kẹta, kí a nu ọpọ́n. Kí ẹni méjì jókòó, kí wọ́n ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo àwòrán, ọ̀rọ̀, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiwa, kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a dán fọ́ọ̀mù wò. Kí a fi ọwọ́ ara wa kọ ìwé sí ara wa, kí a sì dúró títí a ó fi rí i gbà. Kí fọ́ọ̀mù má béèrè ju orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lọ. Ohun tí ó gbé ènìyàn wá, ẹnu ni kí ó fi sọ ọ́ fún awo.

Ẹ̀karùn-ún, kí a tẹ orúkọ ojú odù mẹ́rìndínlógún sí ojú ewé kan kí a tó san owó iṣẹ́. Bí àmì kan bá ṣí nípò, kí iṣẹ́ náà má tíì parí.

Ẹ̀kẹfà, kí orúkọ ìkànnì àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó kọ́ ilé fún wa kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Ọdọọdún ni a ń san owó orúkọ náà. Kí akápò ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Èkeje, kí a ní ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn tí ó ṣe àdàkọ a máa tún un ṣe lóòrèkóòrè láti dí ihò tí olè lè gbà. Kí ohun tí àwa fúnra wa yí padà wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ àdàkọ, kí àtúnṣe ti ìyá má baà pa á rẹ́.

Áàpù tí ń dá Ifá

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa mú àbá wá pé àdàkọ áàpù kan wà tí a lè so mọ́ ìkànnì, tí yóò máa dá Ifá fún ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé, ìyẹn ni ó fi jẹ́ odù 256. Kọ̀ǹpútà náà ń ka nǹkan ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, ó sì ń rí 256 bákan náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìṣirò náà bá ara mu, ó sì yẹ kí inú wa dùn pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n odù tí ó jáde kọ́ ni òpin Ifá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó dìbò láti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó kì í títí oníbàárà yóò fi rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹbọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò dáhùn fún ohun tí ó sọ. Bí awo bá sọ àsọdùn, a mọ ilé rẹ̀, a mọ olúwo tí ó kọ́ ọ, a lè pè é sí ìgbìmọ̀. Ta ni a ó pè bí bọ́tìnnì bá ṣi aláboyún lọ́nà? Obìnrin ará London ti kọ́ wa ní ìdáhùn: kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Èrò wa ni pé kí áàpù tí ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ odù àti bí a ti ń tẹ̀ wọ́n wà. Ó wúlò, kí a sì ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ń dá Ifá fún ènìyàn, kí ó má ṣe wọ ìkànnì ẹgbẹ́.

Ìparí

Ìkànnì wa ṣì wà. Àdàkọ náà ṣì ni, ṣùgbọ́n ibùsùn etí òkun ti kúrò, odù dúró pẹ̀lú àmì rẹ̀, ìwé tí a bá sì kọ sí wa ń dé ọwọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin Táíwò náà ni ó tún un ṣe, láìgba owó mìíràn, ó sì ti ń wá sílé wa ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá láti béèrè ọ̀rọ̀. Obìnrin ará London ti wálé, ó ti rí ohun tí ó wá rí.

Àwọn ìyókù ni a ń wojú ọ̀nà fún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tí ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa tí a kò dá lóhùn, ẹ bá wa sọ fún un pé a kò gbọ́ ni. Ẹ ní kí ó wá. Ọpọ́n ti mọ́.

Ifá á gbè wá o. Ifá kò ní jẹ́ kí àṣírí ẹni tí ó fọkàn tán wa tú lọ́wọ́ wa. Ẹ̀mí á rọ́dún ṣe.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.